Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Ìdámọ̀ Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú Ogun Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nínú Àwòrán Àtijọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lé ọ̀nà tí a lè gbà mọ orúkọ pápá ọkọ̀ òfuurufú tí ó wà nínú àwòrán àtijọ́ tí kò ní àkọlé, pàápàá èyí tí wọ́n yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Èrò wa ni pé ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí, ìyẹn ọkọ̀ òfuurufú àti àwọn ènìyàn tí ó dúró níwájú rẹ̀, kọ́ ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Ẹ̀rí tí ó lágbára ni ohun tí kì í ṣí kúrò níbi tí ó wà: ilé, ọ̀nà, òkè àti ìlà ilẹ̀. A fi Duxford, Scampton àti Holme-on-Spalding Moor ṣe àpẹẹrẹ. A sì fi hàn bí iṣẹ́ náà ṣe kan ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n jagun nínú RAF, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sí ibi ìkómọjáde nìkan. Ẹni tí ó bá mú àwòrán àtijọ́ dání, tí ó sì fẹ́ fún ibi tí ó wà nínú rẹ̀ ní orúkọ, ó yẹ kí òun náà kọ́kọ́ wo ilé.

Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ó ní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nípamọ́: ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú aṣọ RAF, ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀, pápá gbalasa, àti òrùlé kan tí ó yọ díẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹ̀yìn àwòrán náà lè ṣófo, tàbí kí ó jẹ́ pé «ibì kan ní Ìngílándì» ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i. Iye pápá tí a lè fura sí kò kéré. Láàárín ọdún 1939 sí 1945, pápá tuntun tí wọ́n là ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju 400 lọ, yàtọ̀ sí àwọn tí ó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ogun.

Kí ni ó mú kí orúkọ ibì kan ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ìdí kan ni pé orúkọ ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìkówèépamọ́. Ní The National Archives tí ó wà ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìwé tí RAF fi ń ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. AIR 27 jẹ́ ti àwọn ikọ̀ tí ń fò, AIR 28 sì jẹ́ ti àwọn pápá. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ pápá kò ní mọ ìwé tí yóò ṣí nínú ọ̀wọ́ kejì yìí. Bí ó bá sì gba orúkọ tí kì í ṣe tòótọ́ gbọ́, ìtàn ẹlòmíràn ni yóò kà bí ẹni pé ti bàbá rẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ọmọ Yorùbá pẹ̀lú. Ṣáájú ogun, òfin kò fàyè gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ òyìnbó pọ́ńbélé láti di ọ̀gá nínú RAF. Ọdún 1939 ni wọ́n gbé òfin náà tì nítorí ogun. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà ti wọlé. Nǹkan bí i 50 nínú wọn di ẹni tí ń bá ọkọ̀ ogun fò. Díẹ̀ ni wọ́n, àwòrán wọn náà kò sì pọ̀. Nítorí náà, àwòrán kan tí a bá fún ní orúkọ tí kò tọ́ lè yí apá tí ó tóbi padà nínú ohun tí a mọ̀ nípa wọn.

Ìdí tí orúkọ fi sọnù

Kì í ṣe àìbìkítà ló gbé orúkọ wọ̀nyí pamọ́. Ààbò ìlú ló fà á. Nígbà ogun, àwọn tí ìjọba yàn láti yẹ ìròyìn wò kì í jẹ́ kí ìwé ìròyìn dárúkọ pápá. Wọ́n a máa pa lẹ́tà tí ó wà lára ọkọ̀ rẹ́ kúrò nínú àwòrán, wọ́n a sì máa pa òpó rédíò àti rédà rẹ́ bákan náà. Máàpù tí ará ìlú lè rà kì í fi pápá ogun hàn. Nítorí náà, bí àlàfo bá wà nínú àwòrán, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ dá a síbẹ̀.

Ẹ̀tàn pẹ̀lú wà níbẹ̀. Lábẹ́ ìdarí Kọ́nẹ́ẹ̀lì John Turner, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àwọn pápá irọ́ láti fi tan àwọn ará Jámánì jẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní K jẹ́ ti ọ̀sán, wọ́n sì to ọkọ̀ òfuurufú ayédèrú sí i. Èyí tí wọ́n ń pè ní Q jẹ́ ti òru, iná tí a tò bí ti rọ́nwéè ni wọ́n fi ṣe é. Ní ti àwọn pápá òtítọ́, wọ́n kun ìlà sí orí koríko kí ó lè jọ ọgbà igi tí ó pààlà oko méjì. Ẹni tí ó bá ń wo àwòrán tí wọ́n yà láti òkè gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ohun tí òun ń rí ni ohun tí ó wà nílẹ̀ lóòótọ́.

Síbẹ̀, àwòrán kan wà tí ó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, bí a bá wo etí rẹ̀. Àwọn àwòrán tí RAF yà sí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kété tí ogun parí sábà máa ń ní nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 106G/UK, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n yà wọ́n. Àwọn ará Jámánì náà ya pápá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti òkè. Wọ́n fi ìlà yí i ká, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GB 10, èyí tí í ṣe àmì tí wọ́n fi ń dá pápá ọkọ̀ òfuurufú mọ̀. Báyìí ni àkọsílẹ̀ ọ̀tá ṣe di ẹlẹ́rìí fún wa lónìí. Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, ẹ jẹ́ kí a yí àwòrán padà, kí a ka etí àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ohun tí háńgà ń sọ

Háńgà ni ilé ńlá tí wọ́n ń kó ọkọ̀ òfuurufú sí. Bí ẹni tí ó mọ Ìbàdàn dáadáa ṣe lè wo òrùlé àti fèrèsé ilé kan kí ó sì sọ ìran tí ó kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni háńgà ń sọ ọjọ́ orí pápá.

Ìran kìíní jẹ́ ti òpin Ogun Àgbáyé Kìíní, ní nǹkan bí ọdún 1917 sí 1918. Òrùlé wọn tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn mọ́ra ni ó sì gbé e dúró. Irú wọn ṣì wà ní Duxford, nítòsí Cambridge. Ìran kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1934, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń múra sílẹ̀ de Jámánì. Háńgà oníbíríkì tí wọ́n ń pè ní C ni ó gbajúmọ̀ jù nínú ìran yìí. Ó gùn tó 300 ẹsẹ̀ bàtà, ó fẹ̀ tó 150, fèrèsé gíga sì wà lára ògiri rẹ̀. Mẹ́rin irú rẹ̀ wà ní Scampton, márùn-ún sì wà ní Linton-on-Ouse. Ìran kẹta jẹ́ ti ogun gan-an. Kò sí àyè láti mọ bíríkì mọ́. Irin àti páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Èyí tí ó pọ̀ jù lára wọn ni T2, tí wọ́n lè tò kíákíá, tí wọ́n sì lè tú palẹ̀ gbé lọ síbòmíràn.

Ẹ̀rí yìí ní agbára, pàápàá láti fi yọ pápá kúrò nínú àwọn tí a fura sí. Bí a bá rí háńgà C lẹ́yìn ọkọ̀ òfuurufú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún pápá tí wọ́n là lásìkò ogun ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá jẹ́ T2 ni a rí, kí a má ṣe yára sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n tún gbé T2 lọ sí àwọn pápá àtijọ́ láti fi kún èyí tí ó wà níbẹ̀. Ilé titun lè wà nínú àgbàlá àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ilé àtijọ́ wà nínú àgbàlá titun.

Ilé ìṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀, náà ní ìran tirẹ̀. Nọ́ńbà ìwé àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ ń sọ ọdún rẹ̀: 518/40 jẹ́ ti ọdún 1940, 343/43 sì jẹ́ ti ọdún 1943. Fèrèsé ti àkọ́kọ́ tóbi. Ti ìkejì kéré. Iwájú ilé ìṣọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ lẹ́tà méjì gàdàgbà sí fún àwọn awakọ̀ tí ń bọ̀ láti òkè. Ti Duxford ni DX. Bí lẹ́tà yìí bá hàn nínú àwòrán, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kí a má sì ṣe fi í pe lẹ́tà tí ó wà lára ọkọ̀, nítorí ti ara ọkọ̀ jẹ́ ti ikọ̀. Ikọ̀ sì ń ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn.

Rọ́nwéè: ilà ìdílé àti orúkọ àbísọ

Ṣáájú ọdún 1939, koríko ni ojú ọ̀pọ̀ pápá. Ìgbà tí ọkọ̀ ajubọ́ǹbù wúwo sí i ni kọ́ńkéré di dandan. Ní ọdún 1942, wọ́n fẹnu kò lórí ìlànà tí wọ́n ń pè ní Class A: rọ́nwéè mẹ́ta tí ó dábùú ara wọn, èyí tí ó gùn jù jẹ́ 2,000 yáàdì, méjì yòókù jẹ́ 1,400 yáàdì, fífẹ̀ wọn jẹ́ 50 yáàdì, ọ̀nà kan sì yí gbogbo rẹ̀ po. Ara ọ̀nà yìí ni àwọn ibi ìdúró ọkọ̀ ti yọ. Ti ìṣáájú rí róbótó bí agbada tí ó ní ọwọ́. Ti ìgbẹ̀yìn yí po bí òrùka.

Ìlànà yìí ni ó mú kí pápá jọra tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilà ojú ṣe lè sọ ìdílé ènìyàn láìsọ orúkọ àbísọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni rọ́nwéè mẹ́ta yìí ṣe rí. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ìhà tí rọ́nwéè kọjú sí, igbó tí wọ́n dá sí, ọ̀nà ìlú tí pápá gé sí méjì, àti ojú irin tí kò jẹ́ kí ọ̀nà ìyípo tẹ̀ bí ó ti yẹ. Ilẹ̀ kì í gba ìlànà láìjanpata. Ibi tí ó ti janpata ni orúkọ àbísọ wà.

Nínú àwòrán tí wọ́n yà láti òkè gan-an, ìṣirò lè ràn wá lọ́wọ́. Bí kámẹ́rà tí lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ 20 íǹṣì bá ya àwòrán láti òkè 16,667 ẹsẹ̀ bàtà, òṣùwọ̀n àwòrán náà yóò jẹ́ 1 sí 10,000. Lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, rọ́nwéè tí ó gùn ní 2,000 yáàdì, ìyẹn nǹkan bí i 1,830 mítà, yóò jẹ́ 18.3 sẹ̀ǹtímítà. Bí ohun tí a wọ̀n bá kéré ju èyí lọ gan-an, kì í ṣe rọ́nwéè ńlá Class A ni a ń wò, tàbí kí òṣùwọ̀n wa má tọ̀nà.

Scampton, ní àríwá ìlú Lincoln, fi hàn bí rọ́nwéè ṣe ń sọ ọjọ́. Ní òru ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1943, nígbà tí àwọn Lancaster Ikọ̀ 617 gbéra láti lọ fọ́ àwọn ìdídò ilẹ̀ Jámánì, orí koríko ni wọ́n ti gbéra. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni ikọ̀ náà kó lọ sí Coningsby, lẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da kọ́ńkéré sí Scampton. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n fa rọ́nwéè rẹ̀ gùn fún ọkọ̀ Vulcan. Ermine Street, ọ̀nà tí àwọn ará Róòmù là, tí ó ti tọ́ gbọnrangandan láti ọ̀rúndún pípẹ́, ni wọ́n sì tẹ̀ kí ó lè yí ẹnu rọ́nwéè náà ká. Nítorí náà, Scampton mẹ́ta ni ó wà nínú àwòrán: ti koríko, ti kọ́ńkéré pẹ̀lú ọ̀nà tí ó tọ́, àti ti ọ̀nà tí ó tẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi Lancaster tí ó ní AJ, lẹ́tà Ikọ̀ 617, hàn wá lórí rọ́nwéè oníkọ́ńkéré, tí ó sì ní Scampton ni, láti ìgbà tí ikọ̀ náà ń gbé níbẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti já a nírọ́.

Òjìji

Òjìji ni atọ́nà ìhà nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Yorùbá ṣọ́ra fún ohun tí ó ti mọ̀ láti ilé. Ní Èkó, láti àárín oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù kẹjọ, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà, òjìji a sì dojú kọ gúúsù. Ní àwọn oṣù yòókù, ó di òdìkejì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ìyípadà kankan: ní ọ̀sán gangan, gúúsù ni oòrùn máa ń wà láti ọdún dé ọdún, àríwá ni òjìji ń nà sí. Bí a bá mọ wákàtí tí wọ́n ya àwòrán, a lè fi òjìji ilé ìṣọ́ wá àríwá, kí a sì fi àríwá yìí mọ ìhà tí rọ́nwéè kọjú sí.

Aago pàápàá ń fẹ́ àyẹ̀wò. Nígbà ogun náà, láti ọdún 1941, wọ́n a máa sún aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì síwájú ní wákàtí méjì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, aago méjì ni aago ará ìlú yóò máa lù nígbà tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀gangan. Kí a tó lo wákàtí tí wọ́n kọ sára àwòrán, ó yẹ kí a béèrè aago wo ni wọ́n fi kọ ọ́.

Àpẹẹrẹ kan: Ikọ̀ 76

Ẹ jẹ́ kí a pa àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí pọ̀. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni, jagun nínú Ikọ̀ 76, ó sì ń bá ọkọ̀ Halifax fò láti Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire. Wọ́n kọ Achtung! The Black Prince sára ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà nítorí rẹ̀. Ká ní ẹbí kan mú àwòrán Halifax wá, tí lẹ́tà MP, èyí tí í ṣe ti Ikọ̀ 76, hàn lára rẹ̀. Ǹjẹ́ a lè sọ pé Holme ni?

A kò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ 76 gbé ní Middleton St George, ó kó lọ sí Linton-on-Ouse ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1942, oṣù kẹfà ọdún 1943 ni ó sì tó dé Holme. Ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ni kí a kọ́kọ́ wò. Halifax ìṣáájú ní ẹ̀rọ Merlin, tí imú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Irú kẹta, Mark III, ní ẹ̀rọ Hercules, tí iwájú rẹ̀ rí róbótó bí ìlù. Òpin ọdún 1943 ni Mark III ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn ikọ̀. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ róbótó, tí lẹ́tà sì jẹ́ MP, a jẹ́ pé Holme ni ikọ̀ náà ń gbé nígbà tí wọ́n ya àwòrán.

Ṣùgbọ́n ibi tí ikọ̀ ń gbé kọ́ ni ibi tí ọkọ̀ wà ní dandan. Kùrukùru, ìbọn ọ̀tá tàbí epo tí ó ń tán lè mú kí ọkọ̀ balẹ̀ sí pápá ẹlòmíràn. Ibí yìí ni a ti ń padà sí òwe wa: ilé là ń wò. Bí háńgà C bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, àlejò ni ọkọ̀ níbẹ̀, nítorí pápá ìgbà ogun ni Holme. Bí ó bá jẹ́ háńgà irin ni, ẹ̀rí náà bá Holme mu, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀pọ̀ pápá mìíràn mu pẹ̀lú. Ohun tí yóò là á ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n òkè kan ṣoṣo yọ láàárín rẹ̀ ní ìhà àríwá pápá náà, ilé ìjọsìn All Saints ti àtijọ́ sì wà lórí rẹ̀. Bí òkè yìí àti ilé ìjọsìn náà bá hàn lókè ìyẹ́ ọkọ̀, ní ìhà tí òjìji fi hàn pé ó jẹ́ àríwá, nígbà náà ni a lè kọ orúkọ.

Ẹ kíyèsí bí ẹ̀rí ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Lẹ́tà fún wa ní ikọ̀. Ẹ̀rọ fún wa ní ìgbà. Háńgà yọ àwọn kan kúrò. Òkè àti ilé ìjọsìn ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọkọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni ó parí rẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀ kò tíì gbàgbé

Ọ̀pọ̀ pápá ti yí padà. Silverstone, tí RAF ṣí ní ọdún 1943, di ibi ìdíje ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ọdún 1948. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wò ó láti òkè yóò ṣì rí ipa rọ́nwéè mẹ́ta náà. Stansted, tí wọ́n là fún àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà ogun, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Àwọn mìíràn ti padà di oko. Kódà níbi tí wọ́n ti hú kọ́ńkéré, irè oko kì í hù bákan náà lórí ilẹ̀ tí ó ti le. Nígbà ọ̀dá, ìlà rọ́nwéè a tún yọ láàárín àlìkámà. O. G. S. Crawford àti Alexander Keiller ti lo irú àmì bẹ́ẹ̀ láti wá ahoro àtijọ́ nínú ìwé wọn Wessex from the Air ní ọdún 1928.

Nítorí náà, a lè gbé àwòrán àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti òde òní. National Library of Scotland ti gbé àwọn máàpù àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan ti Ìngílándì, a sì lè fi wọ́n wé àwòrán tí sátẹ́láìtì yà. Orí ìkóríta, etí igbó àti ilé ìjọsìn ni kí a kọ́kọ́ wá, nítorí àwọn ni ó máa ń pẹ́ jù.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni a lè mú lọ. Àkọ́kọ́, kí a má fún àwòrán ní orúkọ lórí ẹ̀rí kan ṣoṣo. Ó kéré tán, kí ohun méjì tí kì í ṣí nípò fohùn ṣọ̀kan. Ìkejì, kí a wá ohun tí ó lè já wa nírọ́ pẹ̀lú ìtara kan náà tí a fi ń wá ohun tí ó gbè wá lẹ́yìn. Ìkẹta, kí a kọ bí ó ṣe dá wa lójú tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ: ó dájú, ó jọ bẹ́ẹ̀, tàbí a kàn fura ni. Ẹni tí ó bá rí orúkọ lásán yóò dà á kọ, ẹlòmíràn yóò dà á kọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìfura àná yóò sì di ìtàn ọ̀la.

Ní pàtàkì, kí àwa tí ìran wa kéré nínú àkọsílẹ̀ yìí má ṣe kánjú. Ó máa ń wu ọmọ láti gbọ́ pé pápá tí ó lókìkí jù ni bàbá òun ti jagun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé pápá kékeré kan láàárín oko ni, níbẹ̀ ni ìwé tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí wà, níbẹ̀ ni orúkọ àwọn tí wọ́n jọ fò wà, níbẹ̀ sì ni àwọn ọmọ tiwọn náà lè ti pàdé tirẹ̀.